Fáíbà Kì Í Ṣe Irin: Bí A Ṣe Ń Tún Ara Mọ́tò Tó Ya Ṣe Nínú Ilé

Tíṣà ni mo jẹ́ níhìn-ín ní Ọ̀fà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n dúró níwájú pátákó, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò bèèrè pé, "Kí ni tíṣà ń wá nídìí iṣẹ́ panẹbítà?" Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ló sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní: ẹni tó ní mọ́tò, òbí tó fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, àti ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo ní mọ́tò Tòkunbọ̀ kan. Ẹni tó lò ó kí n tó rà á ti yọ bọ́ńpà tó bá a wá láti òkè òkun, ó sì ti fi òmíràn tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi fáíbà ṣe rọ́pò rẹ̀, nítorí ó ń fẹ́ kí iwájú mọ́tò náà jọ ti ọlọ́lá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ti Àjàṣẹ́-Ìpo bọ̀ wálé, ewúrẹ́ kan já lu títì lójijì. Mo yà fún un. Ewúrẹ́ bá tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà, èmi sì fi imú mọ́tò sọ òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ wò ó, bọ́ńpà ti ya láti ìdí iná ọwọ́ òsì títí dé ibi tí nọ́ńbà wà, igun rẹ̀ kan sì ti fọ́ dànù.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó po pọ́tì, ó fi bo ojú ibi tó ya, ó fi pọ́tì náà mọ igun tó fọ́, ó fi sáńpépà ha á, ó sì fọ́n ọ̀dà lé e lórí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, bọ́ńpà ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì ń yangàn lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú ọgbẹ́ náà tún là, ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, igun tó fi pọ́tì mọ sì já bọ́ sójú ọ̀nà. Mo padà lọ bá a. Ó ní ọ̀nà ni kò dára.

Ibi tí mo dúró sí tí mo ń ronú ni ọmọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà." Mo wò ó dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni, ọmọ tó mọ ìṣirò púpọ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì mi, tí àìrówó mú kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi fáíbà ṣe bọ́ńpà àti táǹkì omi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn bọ́ńpà mi, ó sì mi orí.

"Ẹ má bínú, sà," ni ó wí. "Wọn kò tún un ṣe rárá ni. Iwájú ni wọ́n kùn. Ẹ̀yìn ló ti ya."

Nígbà tó gbójú sókè ni mo rí i pé ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní kẹ́míkà ló ta sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ojú yìí sọ́kàn, nítorí n ó padà sórí rẹ̀. Òun gan-an ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Mo lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Bàbá náà gbà kí n máa wá wòran lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn èyí, èmi àti ọmọ náà tún bọ́ńpà mi ṣe ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

KÍ NI FÁÍBÀ?

Dígí ni. Wọ́n yọ́ ọ nínú iná gbígbóná, wọ́n sì fà á gùn bí òwú títí ó fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Òwú dígí yìí ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ pọ̀ bí ẹní, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máàtì. Ṣùgbọ́n òwú kò lè dá dúró. Ohun tó ń mú un le ni rẹ́sìn, omi kan tó ki bí oyin, tó máa ń gan bí a bá ti po kẹ́míkà mìíràn mọ́ ọn.

Àwọn baba wa mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ilé, wọn a gé koríko wẹ́wẹ́ po mọ́ amọ̀, kí ògiri má baà sán. Dígí ni koríko náà, rẹ́sìn sì ni amọ̀. Amọ̀ tí kò ní koríko yóò sán. Koríko tí kò ní amọ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ibi tí mo gbọ́ àlàyé yìí dé ni ìdí ọ̀rọ̀ bọ́ńpà mi fi yé mi. Pọ́tì tí ọkùnrin yẹn kùn síwájú, amọ̀ lásán ni, kò sí koríko nínú rẹ̀. Òwú dígí tó já lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó so ó. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ètè wà lẹ́yìn, làpálàpá ni wọ́n ń pa níwájú.

Fífi fáíbà ṣe ara mọ́tò kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1953, ilé iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé mọ́tò kan tí wọ́n pè ní Corvette jáde. Fáíbà ni gbogbo ara rẹ̀, 300 péré ni wọ́n sì ṣe ní ọdún náà. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Lotus ní Ìlú Ọba fi mọ́tò tí wọ́n pè ní Elite han aráyé. Èyí tilẹ̀ ya ni lẹ́nu jù, nítorí kò ní férémù irin lábẹ́. Fáíbà gan-an ni eegun rẹ̀. Ohun tó fà wọ́n sí i ni pé ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, a sì lè mọ ọ́n sí ìrísí tó bá wù wá láìsí ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ irin.

Níhìn-ín ní Nàìjíríà, irin ni a fi mọ mọ́tò. Ní ọdún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, páànù irin ni ara àwọn mọ́tò náà. Nítorí náà òòlù àti iná ni àwọn panẹbítà wa fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dójú ìwọ̀n. Bí irin bá tẹ̀, wọn a lù ú padà. Ṣùgbọ́n fáíbà kì í tẹ̀, yíya ni ó ń ya. Bí ẹ bá fi òòlù lù ú, yóò tún ya sí i. Bí ẹ bá sì fi iná sí i pé kí ó rọ̀, kò ní yọ́ bí ike. Jíjó ni yóò jó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Fáíbà fẹ́ ẹ̀sọ̀.

ṢÉ FÁÍBÀ NI, ÀBÍ IKE?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Púpọ̀ nínú bọ́ńpà mọ́tò òde òní kì í ṣe fáíbà rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáíbà ni a ń pè é lẹ́nu. Ike ni. Rẹ́sìn kì í sì í lẹ̀ mọ́ irú ike bẹ́ẹ̀; bí ó bá gbẹ tán, ẹ ó ṣí i kúrò bí ẹni ṣí èèpo ọsàn. Bí iṣẹ́ ṣe ń bàjẹ́ tí owó sì ń ṣòfò nìyẹn.

Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáíbà tí a fi ọwọ́ ṣe, ẹ ó rí òwú dígí nínú rẹ̀, ẹ̀yìn náà yóò sì rí gbágungbàgun. Bí ó bá jẹ́ ike, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dán, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà PP tí a tẹ̀ sí i. Ẹ tún fi sáńpépà ha ibi kọ́lọ́fín kan lára rẹ̀. Fáíbà yóò di lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun. Ike yóò máa yọ́, yóò sì máa ká jọ bí ìwọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ike, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi irin gbígbóná jó ike pọ̀. Àwọn bọ́ńpà tí a fi ọwọ́ ṣe bíi tèmi, bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Mack kan tí ń kọjá lójú títì wa, àti iwájú àwọn bọ́ọ̀sì kan, fáíbà ni ìwọ̀nyí.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Ohun èlò kò pọ̀: máàtì, rẹ́sìn, kẹ́míkà tí ń mú un gan, búrọ́ọ̀ṣì tí kò wọ́n, sáńpépà, ike àlòdànù tí a ó fi pò ó, ìbọ̀wọ́, awò tí ń dáàbò bo ojú àti ìbòmú. Ẹ má ṣe fi owó mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí pamọ́.

Èkíní ni fífọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ níwájú àti lẹ́yìn, títí ọ̀rá àti ìda ara rẹ̀ yóò fi kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ìgbà ọyẹ́ dára fún iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà òjò, omi a máa wọnú ibi tó ya, ibi tí omi bá sì wà, rẹ́sìn kò ní lẹ̀.

Èkejì, ẹ wá òpin ibi tó ya, kí ẹ lu ihò kékeré kan síbẹ̀. Ihò náà ni yóò dá a dúró kí ó má baà máa ya lọ. Bí ẹ kò bá lu ú, bí ẹ ti ń tún apá ọ̀tún ṣe ni apá òsì yóò máa là sí i.

Ẹ̀kẹta ni gbogbo ìdí iṣẹ́. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn, kí ẹ fi sáńpépà líle ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ya, kí ó máa fẹ́lẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí etí odò tí ń rọra wọ inú omi. Bàbá náà kọ́ mi pé kí ibi tí a ó ha fẹ̀ tó ìlọ́po 12 bí fáíbà náà ti nípọn tó. Fún àpẹẹrẹ, bí ó bá nípọn ní mìlímítà 3, ẹ ha á dé mìlímítà 36 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé fáíbà tuntun kì í hun mọ́ ti àtijọ́; lílẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ibi tí wọ́n ti pàdé bá ti fẹ̀ tó ni ìdìmú wọn yóò ti le tó. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe èyí nítorí pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yún ni lára, oníbàárà kò sì ní rí i. Ṣùgbọ́n ibi tí oníbàárà kò rí yìí gan-an ni agbára wà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú kí ẹnu ibi tó ya bára mu. Ẹ gbé páálí sí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé páálí náà kí rẹ́sìn má baà gbá a mú, kí ẹ sì dè é pinpin.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gé máàtì mẹ́ta, kí èkejì tóbi ju èkíní lọ díẹ̀, kí ẹ̀kẹta sì tóbi ju èkejì lọ. Níhìn-ín ni ìṣirò dé, inú mi sì dùn. Máàtì tí a rà ní Ìlọrin jẹ́ èyí tó wọn gíráàmù 450 ní mítà kan níbùú-lóròó. Ká ní ègé tí a gé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Èyí yóò wọn gíráàmù 27. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tó bẹ́ẹ̀, ó di gíráàmù 81. Máàtì a máa mu rẹ́sìn tó ìlọ́po méjì sí méjì àbọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí náà gíráàmù 200 rẹ́sìn yóò tó. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pé èló ni, kí n sì tó parí ọ̀rọ̀ ó ti dáhùn. Ọpọlọ rẹ̀ kò ì kú.

Ẹ̀kẹfà ni pípò. Kẹ́míkà tí ń mú rẹ́sìn gan ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Gíráàmù 1 sí 2 ni a ń fi sí 100 gíráàmù rẹ́sìn. Nínú ooru tiwa yìí, 1 sábà máa ń tó. Ẹ ka ohun tó wà lára agolo, nítorí òun ni ọ̀gá. Ẹ má ṣe po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pò ó ní 100, 100. Rẹ́sìn tó bá pọ̀ nínú ike kan ṣoṣo a máa gbóná bí ó ti ń gan, ó lè rú èéfín, ó sì lè gbiná. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, lábẹ́ ibòji, níta gbangba.

Èkeje, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta rẹ́sìn sí ibi tí ẹ ha, ẹ tẹ́ máàtì lé e, kí ẹ sì máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gún un jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fà á bí ẹni ń kun ilé, kí òwú má baà ṣí kúrò. Máàtì tó funfun tẹ́lẹ̀ yóò di aláwọ̀ omi. Ibikíbi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, ẹ gún un títí yóò fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì, bí ó bá ti le tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ yọ páálí, kí ẹ wá yí i sí iwájú. Ìgbà yìí ni pọ́tì tó ní iṣẹ́ tirẹ̀, díẹ̀ ni kí ó sì jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ojú rẹ̀ tẹ́jú lọ. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 240, kí ẹ fi 400 àti omi parí rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀dà ìsàlẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀dà òkè.

BÍ A BÁ FẸ́ MỌ APÁ TÓ TI SỌNÙ

Igun bọ́ńpà mi ọwọ́ òsì ti fọ́ dànù, nítorí náà kò sí ohun tí a ó lẹ̀. Èmi tíṣà ní ọgbọ́n kan: mo ní kí a da ìrísí igun ọ̀tún kọ, kí a fi ṣe ti òsì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì dorí kodò kí n má baà rí i. "Sà," ni ó wí, "ọwọ́ òsì kì í wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún." Ojú tì mí díẹ̀. Òtítọ́ ni, igun méjèèjì ń kọjú síra wọn ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tó yẹ kí a ṣe ni pé kí a wá irú bọ́ńpà kan náà tí igun òsì rẹ̀ ṣì pé. A fi ìda tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí pa á lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, a ń nù ún, a tún ń pa á. Nígbà náà ni a tẹ́ máàtì àti rẹ́sìn lé e. Nígbà tó gan, a rọra ṣí i. Ó jáde bí àwo tí a yọ kúrò lára igbá. Àwo yìí ni a tún fi ìda pa nínú, tí a sì mọ igun tuntun sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gé e kí ó bá tí àtijọ́ mu, a sì lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí mo ti wí.

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ lè fi amọ̀ mọ ìrísí tó fẹ́, kí ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ó sì tẹ́ fáíbà lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí. Bí rẹ́sìn bá kàn án, yíyọ́ ni yóò yọ́ bí ìrì lójú oòrùn.

Kí n tó gbàgbé: ara lásán ni fáíbà tí à ń sọ yìí. Irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, tó ń gba ìkọlù, ẹ má ṣe fi fáíbà rọ́pò rẹ̀ láé. Bí irin náà bá tẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ mọ́tò ni.

Ọ̀RỌ̀ OJÚ

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀ o. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà.

Ní ilé iṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń wọn kátálíìsì. Dídà ni wọ́n ń dà á láti inú ìgò, bí ẹni ń da epo sínú ọbẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀ láìwọ awò, ẹ̀kán kan sì ta sí i lójú. Ó ní ó dà bí ẹni fi ata gígún kún ojú òun. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi àkísà nù ún. Òmíràn ń sáré wá epo pupa. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí ló já wọlé, ó lé gbogbo wọn sẹ́yìn, ó tẹ orí ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó ní kí ó la ojú, ó sì ń da omi tútù sí i. Ó dà á títí garawa gbẹ, ó ní kí wọ́n pọn òmíràn wá. Kò dáwọ́ dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wí pé omi ìyá yẹn ló gba ojú náà là.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kátálíìsì yìí lè fọ́ ojú ènìyàn pátápátá. Bí ó bá ta síni lójú, ẹ má ṣe nù ún, ẹ má ṣe fi epo tàbí oògùn kankan sí i. Omi tó mọ́ ni, kíákíá, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn náà kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi àti ọmọ náà kì í ṣí ìgò náà mọ́ láìgbé garawa omi sí ẹ̀gbẹ́ wa. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, awò sì wà lójú àwa méjèèjì.

Ìkìlọ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Àwọn tí ń ta rẹ́sìn a máa ta ìgò kẹ́míkà mìíràn pẹ̀lú kátálíìsì, wọ́n ń pè é ní kóbọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí rẹ́sìn tètè gan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti wà nínú rẹ́sìn náà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ po kóbọ́ọ̀tì mọ́ rẹ́sìn, kí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ tó fi kátálíìsì sí i. Ẹ MÁ ṢE PO KÓBỌ́Ọ̀TÌ ÀTI KÁTÁLÍÌSÌ PỌ̀ LÁWỌN NÌKAN. Bí méjèèjì bá pàdé láìsí rẹ́sìn láàárín wọn, wọ́n lè bú gbàmù bí àdó olóró, wọ́n sì lè gbiná. Ẹ má ṣe gbé ìgò wọn sí ibì kan náà, ẹ má sì fi síríńjì kan wọn méjèèjì.

Òórùn rẹ́sìn a máa mú orí fọ́ni, ó sì ń ba ara jẹ́ bí ènìyàn bá ń fà á símú lójoojúmọ́. Ìbòmú aṣọ lásán kò lè dá a dúró. Èyí tó ní agolo èédú ní ẹnu ni ó lè ṣe é. Lẹ́búlẹ́bú dígí pàápàá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, kí ẹ sì fi omi tútù ṣan ara kí ẹ tó fi ọṣẹ wẹ̀. Kí sìgá, ààrò àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́. Kí àwọn ọmọdé sì wà nínú ilé.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Bọ́ńpà mi ti la gbogbo òjò já, ó ti gba kòtò ojú ọ̀nà Ìlọrin lọ́jọ́ púpọ̀, kò là. Owó tí mo ná sí i kò tó ìdajì ohun tí mo san fún ẹni tó kùn ún lọ́ṣẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà Ọ̀wọ̀dé, mo máa ń wo ara àwọn mọ́tò tó dúró, mo sì ń bi ara mi léèrè iye èyí tí wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nínú wọn, àti iye èyí tó jẹ́ iwájú nìkan ni wọ́n kùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò máa bù sí i fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, owó awò méjì kò tó owó ojú kan. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sẹ́nu iṣẹ́ fáíbà, kí ẹ tó bèèrè iye ọdún tí yóò fi kọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí awò àti ìbọ̀wọ́ bá wà nílé iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, ẹ rà á fún un, kí ẹ kà á mọ́ owó ìkọ́ṣẹ́.

Ọ̀gá ọmọ náà ti ra awò mẹ́rin báyìí, ó fi wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè wọlé láìrí wọn. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti funfun padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ó máa ń wá sílé mi pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, nítorí ó fẹ́ padà ṣe ìdánwò tó kù fún un. Èmi ń kọ́ ọ ní ìṣirò, òun ń kọ́ mi ní fáíbà. Ó dìgbà kan ná.